Ẹ Ò Ní Gbàgbọ́ Ohun Tí Àkọlé Kan Ṣe fún Ìrẹsì Màmá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Mo mọ̀ pé àkọlé tó wà lókè yìí ló mú yín dé ibí. Irú rẹ̀ ni àwọn olóyìnbó ń pè ní clickbait. Tí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, a lè pè é ní àkọlé-ìjẹ. Bí apẹja ṣe ń fi ekòló sí ẹnu ìwọ̀ kí ẹja lè gbé e mì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn sórí ìròyìn kí àwa lè tẹ líǹkì. Ẹja rò pé oúnjẹ lòun rí, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló máa ń bá ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo àkọlé tó bá ti fa ojú mọ́ra náà ni àkọlé-ìjẹ? Ìbéèrè yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi láti ọdún tó kọjá, nígbà tí èmi fúnra mi kọ àkọlé kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọjà ẹnì kan jẹ́ ní Ìsẹ̀-Èkìtì. Màá dé orí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ní oṣù Kejìlá ọdún 2016.

Kérésìmesì tí ìrẹsì wa kò tà

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí, níbi tí òkè Olósùnta ti ń wo gbogbo ìlú láti òkè. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni màmá mi ń tà nínú ọjà. Ẹni tó bá mọ òwò ìrẹsì á mọ̀ pé oṣù Kejìlá ni ìkórè wa. Ẹni tí kì í se ìrẹsì láti oṣù Kìíní á se é ní ọjọ́ Kérésìmesì.

Lọ́dún náà, màmá mi yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n sì kó báàgì ìrẹsì mẹ́rìnlá kalẹ̀. Ọjà ti gbówó lórí gan-an. Náírà ti já wálẹ̀, ìjọba sì ti fòfin de kíkó ìrẹsì gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé lọ́dún yẹn kan náà. Gbogbo èèyàn ló ń kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń rà á.

SS3 ni mo wà nígbà yẹn. Èmi nìkan ni mo ní fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé wa. Ó ku nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí Kérésìmesì, mo jókòó sórí àpò ẹ̀wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń yẹ Facebook wò. Àkọlé kan yọ lójijì: wọ́n ti gba ìrẹsì oníke mú ní Èkó. Oníbàárà mẹ́ta ló wà níwájú wa. Mo pariwo, "Mọ́mì! Wọ́n ti ń fi ike ṣe ìrẹsì báyìí o! Ó ti wọ Nàìjíríà!"

Mi ò tẹ líǹkì yẹn. Dátà mi ti fẹ́ tán. Àkọlé nìkan ni mo kà, òun náà ni mo ké síta.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà rọra gbé ìrẹsì tí màmá mi ti wọ̀n fún un padà sórí tábìlì. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ mú owó wá." Mi ò tíì rí i títí di òní.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ọjà ti gbọ́. Àwọn kan ń mú ìrẹsì tí wọ́n ti sè láti ilé wá bá wa. Wọ́n á ká a ní òkìtì kékeré, wọ́n á jù ú mọ́ ilẹ̀, á ta sókè. "Ẹ ò rí i? Ó ń ta bíi bọ́ọ̀lù!" Àwọn mìíràn fi iná sí i, ó jó, wọ́n ní ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí. Èkìtì ni wá, iyán ò kúkú wọ́n wa. Ilé tó yẹ kó se ìrẹsì gún iyán, wọ́n sì ṣe ọdún wọn.

Nígbà tí oṣù Kìíní wọlé, báàgì mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá ṣì wà nílẹ̀. Màmá mi tà wọ́n ní owó tó dín sí iye tí wọ́n rà á, torí pé ẹgbẹ́ ń béèrè owó wọn. Owó fọ́ọ̀mù JAMB mi wà nínú èrè tí a ń retí yẹn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló bá wa san án nígbẹ̀yìn.

Màmá mi ò bá mi wí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mi: "Ohun tí o kà lọ́jọ́ yẹn, ṣé o kà á tán?"

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ohun tí ǹ bá ti mọ̀ ká ní mo kà á tán, tí mo sì ní sùúrù ọjọ́ díẹ̀, nìyí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2016, àwọn aṣọ́bodè kéde ní Ìkẹjà pé àwọn ti gba báàgì ìrẹsì 102 lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn sè é, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ra, àwọn sì fura pé ike ni. Ọ̀rọ̀ yìí fò kọjá Nàìjíríà, ó di ìròyìn káàkiri ayé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, mínísítà ètò ìlera nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole, sọ pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kò fi hàn pé ike wà nínú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, NAFDAC gbé èsì tiwọn jáde: ìrẹsì gidi ni, kì í ṣe ike. Àmọ́ bakitéríà inú rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà láàyè, kò sì yẹ fún jíjẹ.

Ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà. Ewu gidi wà nínú ìrẹsì náà! Ṣùgbọ́n ewu ìdọ̀tí àti kòkòrò àìfojúrí ni, irú èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìwọ̀nba èèyàn ló gbọ́ ìyẹn, torí pé "ìrẹsì oníke" ti gba gbogbo àyè tó wà lọ́kàn wa. Àwa ń ju ìrẹsì mọ́ ilẹ̀ kí á lè mọ̀ bóyá yóò ta. Kò sí bọ́ọ̀lù tó lè fi bakitéríà hàn yín.

Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni mò ń kọ́ báyìí fún oyè kejì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí lẹ́ẹ̀kan. Sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú ìrẹsì. Oríṣi okùn méjì tí ojú ò lè rí ló para pọ̀ di sítáàṣì: amylose àti amylopectin. Nígbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 60°C sí 80°C, sítáàṣì inú hóró ìrẹsì á fa omi mu, á wú, á sì máa lẹ̀. Ìrẹsì tí amylopectin bá pọ̀ nínú rẹ̀ á lẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Tó bá tutù, àwọn okùn yẹn á tún so kọ́ra. Tí ẹ bá wá ká a ní òkìtì, ó di ohun tó lè tẹ̀ tó sì lè padà sípò, ìdí nìyẹn tó fi ń ta. Iyán tí à ń jẹ ò jìnnà sí i: sítáàṣì tí a gún títí tó fi ń fà ni. Ṣé ẹnikẹ́ni ti pè é ní rọ́bà rí?

Ike ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ike sínú omi tó ń hó láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní fa omi, kò ní wú, kò ní fẹ́lẹ́ di ìrẹsì jíjinná. Ti iná ńkọ́? Ẹ̀kọ, búrẹ́dì àti gàárì náà ń jó tí wọ́n bá gbẹ tán. Kí gbogbo wa tó sá fún ìrẹsì, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè ìbéèrè ọjà pàápàá: èwo ni èrè oníṣòwò tó fẹ́ ra ike, kó gé e ní hóró hóró, kó sì tà á ní owó ìrẹsì?

Òfíntótó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Kí ló dé tí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ fi ń mú wa? Ní ọdún 1994, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ George Loewenstein ṣàlàyé òfíntótó lọ́nà tó yé mi dáadáa. Ó ní òfíntótó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ṣàkíyèsí pé àlàfo wà láàárín ohun tí òun mọ̀ àti ohun tí òun fẹ́ mọ̀. Àlàfo yẹn máa ń yún èèyàn bí ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́, a ò sì ní sinmi títí a ó fi họ ọ́. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá nípa ọ̀rọ̀ kan kì í ṣòfíntótó sí i. Ẹni tí a fi díẹ̀ hàn, tí a wá fi ìyókù pamọ́ fún, òun ni ara rẹ̀ kì í balẹ̀.

Òfíntótó yìí kan náà ló ń gbé ọmọ ilé-ìwé dé ilé àyẹ̀wò, òun ló sì ń mú èmi náà kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Àwọn baba àti ìyá wa mọ̀ ọ́n lò. Ìpolówó ọjà ńkọ́? Obìnrin tó ń kiri mọ́ínmọ́ín ní ìdájí ní Ìkẹ́rẹ́ kì í kàn sọ pé, "Mo gbé mọ́ínmọ́ín." Ó ń kọrin sí i, ó ń kì í, á sọ ohun tó fi sínú rẹ̀ títí ẹni tó wà lórí ibùsùn á fi dìde wá owó. Kò sẹ́ni tó pè é ní òpùrọ́, torí pé tí ó bá ṣí igbá, èéfín á yọ, òórùn á ta, ohun tó ń polówó á sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ohun tí Ben Smith, tó jẹ́ olóòtú àgbà BuzzFeed nígbà náà, sọ ní ọdún 2014 sún mọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe iṣẹ́ wọn ní clickbait, ó sì fèsì pé rárá: àkọlé tó fani mọ́ra tó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ kì í ṣe clickbait.

Lọ́dún yẹn kan náà, Facebook kéde pé àwọn yóò dín irú àkọlé bẹ́ẹ̀ kù. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà dá a mọ̀ rọrùn. Tí èèyàn bá tẹ líǹkì, tó sì ti sá padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò rí ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un. Nígbà tí wọ́n bi àwọn èèyàn léèrè, ìgbà 80 nínú 100 ni wọ́n yan àkọlé tó jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú ìròyìn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2016, oṣù díẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ ìrẹsì wa, wọ́n tún ṣe é sí i, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni àkọlé tó ń fi ohun pàtàkì pamọ́, irú "ẹ ò ní gbàgbọ́" tèmi yìí. Ìkejì ni àkọlé tó ń sọ àsọdùn tó ń ṣini lọ́nà. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fún ìkejì ni àkọlé tó sọ pé èso ápù kò dára fún ara, nígbà tó jẹ́ pé àjẹjù rẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ.

Kí ló dé tí wọn ò dẹ̀yìn?

Owó ni. Ọ̀pọ̀ ojúlé ìròyìn ń jẹun láti ara ìpolówó, iye ìgbà tí a bá tẹ̀ wọ́n ni wọ́n sì fi ń pawó. Èyí mú kí àkọlé di ohun tí wọ́n ń dán wò bí a ṣe ń dán oògùn wò. Upworthy, ojúlé kan ní Amẹ́ríkà, máa ń kọ oríṣiríṣi àkọlé fún ìtàn kan ṣoṣo, wọ́n á fi èyí han àwọn kan, wọ́n á fi ìyẹn han àwọn mìíràn, wọ́n á wá wo èyí táwọn èèyàn tẹ̀ jù. Ní ọdún 2023, ìwé ìròyìn ìmọ̀ Nature Human Behaviour gbé ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bí 105,000 nínú àwọn àkọlé wọn. Wọ́n rí i pé nínú àkọlé tó gùn níwọ̀nba, ọ̀rọ̀ burúkú kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un ń mú kí títẹ̀ lọ sókè pẹ̀lú ìdá 2.3 nínú 100. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ńkọ́? Ńṣe ló ń dín in kù.

Ẹ ò rí i pé "ike" ní agbára ju "ìrẹsì kan tí a fura sí" lọ. Ẹni tó kọ ọ́ lè má ní ìkà nínú. Ọjà ló ń sọ fún un pé kó ké sí i.

Títí dé ibí, ìdáhùn mi rọrùn: tí igbá bá bá ìpolówó mu, kò sí ìjẹ níbẹ̀. Ìdáhùn tí mo gbé kiri nìyẹn fún ọdún bíi mélòó kan. Àfi ọjọ́ tí Mọ́mì Ìsẹ̀ pè mí.

Gàárì Mọ́mì Ìsẹ̀

Mọ́mì Ìsẹ̀ ni àbúrò màmá mi. Ìsẹ̀-Èkìtì ni wọ́n fẹ́ wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe gàárì. Àwọn oníbàárà ń wá láti Ọ̀rùn, láti Emùré, títí dé Àkúrẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo kọ àpilẹ̀kọ kan nípa gàárì àti ojú. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ láti kékeré pé tí gàárì bá pọ̀ jù lẹ́nu, ojú á máa ṣú. Mo fẹ́ sọ ohun tí sáyẹ́ǹsì rí nípa rẹ̀. Ìtàn tó dára ni. Láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1969, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun, ọmọ Èkìtì tó jẹ́ ògbóǹtarìgì dókítà iṣan ara ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí lórí àwọn èèyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí ojú wọn sì ń ṣú, ní àwọn ìlú tí oúnjẹ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀gẹ́ nìkan. Ó so ó mọ́ sáyánáìdì tó ń jáde láti ara ẹ̀gẹ́.

Mo ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí gàárì tó dára ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí. Ohun kan tó ń jẹ́ linamarin ló wà nínú ẹ̀gẹ́. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, linamarin á fọ́, á máa tú sáyánáìdì sílẹ̀. Tí a bá jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, á túbọ̀ máa jáde. Tí a bá tẹ omi rẹ̀ dà nù, ọ̀pọ̀ á bá omi lọ. Tí a bá wá dín in nínú agbada gbígbóná, ìyókù á di afẹ́fẹ́, torí pé ooru bíi 26°C péré ti tó láti mú kí hydrogen cyanide hó. Mo parí rẹ̀ pé gàárì tí a fara balẹ̀ ṣe, tí a sì ń fi ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹ̀pà jẹ, kò ní kó yín láyà sókè. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́.

Àkọlé tí mo wá fi sórí rẹ̀ ńkọ́? "Gàárì àti Ojú Yín: Ohun Tí Ẹni Tó Ń Tà á Kò Ní Sọ fún Yín."

Ẹ̀yin fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ pín in kiri. Ní ọjọ́ kẹrin, fóònù mi dún.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo kọ ọ́ síta pé gàárì wa ń fọ́ ojú?"

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á tán. Mo sọ níbẹ̀ pé irú gàárì tí ẹ ń ṣe ló dára jù."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ kà á tán? Oníbàárà mi láti Emùré ní ẹnì kan ló kà á sétí òun nínú ọkọ̀. Òkè rẹ̀ ló kà fún un. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, kí ni mo fi ń pamọ́ láti ọjọ́ yìí. Ọmọ mi, kí ni mo fi pamọ́?"

Ara mi bù máṣọ. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ ìrẹsì nígbà yẹn, èmi tí mo ké àkọlé síta nínú ṣọ́ọ̀bù màmá mi ni mo tún wá di ẹni tó ń kọ àkọlé fún ẹlòmíràn láti ké. Igbá mi bá ìpolówó mu o. Ẹni tó bá ṣí i á rí ohun gidi. Àmọ́ ọmọ Emùré yẹn kò ṣí igbá kankan. Ìpolówó nìkan ló bá a délé.

Ẹni tí kò ní ṣí igbá

Ẹ má rò pé àwọn ará abúlé nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2024, S. Shyam Sundar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Penn State yẹ ohun tó lé ní mílíọ̀nù 35 tí àwọn èèyàn fi líǹkì sí lórí Facebook wò. Nǹkan bí ìgbà 75 nínú 100 ni ẹni tó pín líǹkì ti pín in láìtẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ fojú inú wò ó: nínú ẹni mẹ́rin tó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín, ó ṣeé ṣe kí mẹ́ta má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwa ò nílò Facebook kí á tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìkóríta kan láàárọ̀, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Adó, ẹ ó rí àwọn ọkùnrin tó kóra jọ síbẹ̀. Wọn ò rà á, wọn ò ṣí i, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò. Láti orí àkọlé mẹ́rin yẹn ni wọ́n ti máa jà títí oòrùn á fi mú, kí wọ́n tó wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ àti ilé ọtí.

Ẹni tó bá kà á tán pàápàá kò bọ́. Ní ọdún 2014, Ullrich Ecker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Western Australia fún àwọn èèyàn ní àpilẹ̀kọ tí inú rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n tí àkọlé rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àkọlé yẹn nípa lórí ohun tí àwọn òǹkàwé rántí àti ohun tí wọ́n rò lẹ́yìn tí wọ́n kà á. Àkọlé ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí gbogbo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa jókòó sí.

Ohun mìíràn tún wà tí èdè wa fi yé mi. Ní oṣù Kejìlá yẹn, àwọn ojúlé kan fi àmì àyọlò yí ọ̀rọ̀ náà ká, ìyẹn àwọn ìlà kékeré tó ń sọ pé "ẹlòmíràn ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa." Lójú ìwé, ìyẹn tọ̀nà. Àmọ́ nígbà tí mo ké e síta fún màmá mi, ta ló gbọ́ àmì àyọlò? Àmì àyọlò ò ní ohùn. "Ṣé" náà máa ń já bọ́ lójú ọ̀nà: "Ṣé ike ni?" á kúrò ní Èkó, kó tó dé Ìkẹ́rẹ́ á ti di "Ike ni!" Ọ̀rọ̀ wa, ẹnu la fi ń gbé e. Ohun tí ẹnu kò bá lè gbé á jábọ́.

Ìbéèrè méjì

Nítorí náà, ìdáhùn mi ti yí padà. Kí àkọlé fani mọ́ra, ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di ìjẹ. Ìbéèrè méjì ni mo ń bi ara mi báyìí.

Àkọ́kọ́: ṣé ẹni tó bá ṣí igbá á rí ohun tí mo polówó?

Ìkejì, èyí tó le jù: kí ni ẹni tí kò ní ṣí igbá máa gbé lọ sílé? Ṣé òótọ́ ni? Ta ló máa jìyà rẹ̀ tí kò bá jẹ́ òótọ́?

Àkọlé gàárì mi yege nínú àkọ́kọ́, ó sì fìdí rẹmi nínú ìkejì. Àkọlé ìrẹsì oníke fìdí rẹmi nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tí kì í kọ nǹkan náà lè lo ìkejì yìí kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, torí pé ẹni tó bá pín àkọlé láìkà á tán ti di òǹkọ̀wé rẹ̀.

Mo pe Mọ́mì Ìsẹ̀ padà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo tọrọ àforíjì, mo wá bi wọ́n pé, "Mọ́mì, ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ ọ́, kí lẹ máa kọ?"

Wọn ò rò ó pẹ́. "Kọ ọ́ pé: Gàárì tí wọ́n fi ìkánjú ṣe ló ń pa ojú lára."

Ẹ wò ó dáadáa. Ó ní ewu nínú, ó ń ta èèyàn jí. Èèyàn á fẹ́ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ìkánjú ṣe gàárì, àlàfo Loewenstein wà níbẹ̀. Ẹni tí kò sì ní tẹ̀ ẹ́ láéláé ti gbé ohun tó wúlò lọ sílé: kó wá ẹni tí kì í kánjú lọ. Mo kàn fi "lè" kan kún un, torí pé sáyẹ́ǹsì kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀: "Gàárì Tí Wọ́n Fi Ìkánjú Ṣe Ló Lè Pa Ojú Lára." Mo pààrọ̀ àkọlé náà lóru yẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Mọ́mì ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà ńlá, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó ibi tí wọ́n ti ń dín gàárì.

Ó wá ku àkọlé tòní. Ẹ ti rí ohun tí mo ṣèlérí fún yín, nítorí náà ó yege nínú ìbéèrè kìíní. Ní ti ìkejì, ẹni tó bá ka òkè rẹ̀ nìkan kò gbé irọ́ lọ sílé, àmọ́ kò gbé nǹkan gidi kan lọ pẹ̀lú. Mo fi í sílẹ̀ kí ẹ lè rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára yín. Tí ẹ bá fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ bá mi fi èyí sórí rẹ̀ dípò rẹ̀:

"Ìrẹsì Ọdún 2016 Kì Í Ṣe Ike: Mo Ké Àkọlé Tí Mi Ò Kà Tán, Ọjà Màmá Mi Bàjẹ́."

Màmá mi ṣì ń ta ìrẹsì ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ yìí fún wọn lórí fóònù, wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dára. Èyí, ó kà á tán."